Àwòrán ọpọlọ bàbá mi mọ́ kedere, ọwọ́ wọn kò sì yéé gbọ̀n

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àtàǹpàkò á máa yí lórí ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni ń ka owó. Bí wọ́n bá na ọwọ́ mú nǹkan, á dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá ń rìn, apá òsì ń jù síwá-sẹ́yìn, ti ọ̀tún kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá: ìlà àkọ́kọ́ ṣeé kà, ìlà kẹrin ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ wọn. Kò sí kókó, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí àmì rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀ dókítà ní àrùn Parkinson lòun ń fura sí! Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ tún un yà níbi tí ẹ̀rọ ti lágbára, pé 7 tesla (ìwọ̀n agbára mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ MRI) ti wà báyìí. Kí ni ká ṣe?

Ayàwòrán:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Ẹ má tíì tún un yà. Bí ọpọlọ ṣe rí ni MRI ń fi hàn. Nínú Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn, ló ń kú, ojú MRI tí a sábà ń lò kì í sì í tó o. Torí kí wọ́n lè yọ àwọn àìsàn míì kúrò ni wọ́n ṣe yà á, ó sì ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Òótọ́ ni, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí 7 tesla fún ìtọ́jú ní 2017, ṣùgbọ́n 1.5 tàbí 3 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Èyí tó ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine yẹn ni àyẹ̀wò DaTscan, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́hùn-ún ní 2011. Wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán díẹ̀, wọ́n á dúró fún wákàtí 3 sí 6, kí wọ́n tó yà á. Bí ara bá dá, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ méjì bíi kọ́mà láàárín ọpọlọ. Nínú Parkinson, ìrù kọ́mà á ré dànù, á ku àmì ìdánudúró. Apá òsì ọpọlọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ré tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbọ̀n.

Ọmọ Màmá:
Ti màmá mi, ìgbà tí wọ́n bá gbé ife sẹ́nu ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, bí wọ́n bá sinmi, ó parí. Ọdún méjì la fi ń pè é ní Parkinson. DaTscan ló tú u fó: kọ́mà méjèèjì pé pérépéré. Essential tremor ni, ìyẹn ọwọ́ gbígbọ̀n tí kì í ṣe Parkinson. Ẹ ka gbogbo oògùn tí bàbá ń lò fún dókítà o, torí irú bupropion (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn) lè da àwòrán náà rú.

Àgbà Nọ́ọ̀sì:
Ẹ rọra sáré tẹ̀lé ẹ̀rọ. DaTscan kò lè ya Parkinson sọ́tọ̀ kúrò lára MSA tàbí PSP, àwọn àrùn ọpọlọ míì tó jọ ọ́, torí dopamine ń dínkù nínú gbogbo wọn. Pẹ̀lú àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ kò ní béèrè rẹ̀ rárá. Wọ́n á wo bàbá bí wọ́n ṣe ń rìn, wọ́n á fún wọn ní levodopa, oògùn tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, wọ́n á sì wò ó bóyá ara gbà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wọn lójú ni DaTscan ti wúlò.

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá gan-an ti ní àwọn kò wọ ihò ẹ̀rọ MRI yẹn mọ́, pé ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń fi òòlù lu páànù létí àwọn.

Ayàwòrán:
Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bó bá di DaTscan, kámẹ́rà ló máa ń rọra yí orí ká, kì í pariwo bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́yìn:
Ọjọ́bọ̀ la tún ń rí dókítà. Ṣé kí n mú lẹ́tà yẹn dání?

Àgbà Nọ́ọ̀sì:
Ẹ mú un dání. Ẹ tún wá èyí tí wọ́n kọ ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí dókítà rí méjèèjì pọ̀. Kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò ọwọ́ yẹn nígbà tí wọ́n bá jókòó tí wọn ò mọ̀ pé ẹ ń wò wọ́n.