HND, iṣẹ́ sólà, àbí kí n fi owó gbé ọjà màámi dìde? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Mo ti ṣe ND tán ní pólì, ní ẹ̀ka iná mànàmáná, mo sì ti fi ọdún kan ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe sólà àti ínfátà ní apá Ring Road, n'Ìbàdàn níbí. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára. Mo lè gun òrùlé lọ to pánẹ́ẹ̀lì, mo lè fa wáyà, mo sì lè ṣírò iye bátìrì tí yóò gbé fíríìjì àti fáànù di àárọ̀. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ kí n lọ, òun á máa san ₦80,000 lóṣù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni orúkọ mi jáde fún HND, ìpele tó tẹ̀lé ND ní pólì. Owó àjọ tí mo ti kó jọ láti ara iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ àti ohun tí oníbàárà ń fún mi jẹ́ ₦620,000. Bí mo bá wọlé, owó ilé-ìwé àti owó ilé máa jẹ ju ìdajì ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Màámi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Àìsàn bàámi ti jẹ owó ọjà wọn tán. Wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi o, àmọ́ nígbà tí mo yà kí wọn ní ìsọ̀, àpò kan ṣoṣo ni mo bá, wọ́n sì ti da aṣọ bo ibi tí àwọn yòókù máa ń wà kí àwọn oníbàárà má baà mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tiẹ̀ ní kí n pa HND tì, kí n gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, kí n fi ND mi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, pé ẹni tó ní HND kì í ga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Orí mi ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Aláṣọ Gbági:
Ọmọ mi, Ọlọ́run á wo bàbá ẹ sàn. Má kó owó lé ìyá ẹ lọ́wọ́ o. N ò sọ pé wọ́n á ná an ní ìnákúnàá, àmọ́ owó tó bá dé ọwọ́ obìnrin tó ní aláìsàn nílé, ọ̀nà ilé ìwòsàn ló máa gbà lọ. Bá wọn ra ọjà ni. Èmi náà ta èlùbọ́ kí n tó bọ́ sídìí aṣọ, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀, torí oòrùn wà tí wọ́n á fi sá iṣu. Tí òjò bá ti dé, iṣu ò gbẹ bọ̀rọ̀ mọ́, èlùbọ́ á wọ́n. Ẹni tó bá ra àpò mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣakí nígbà tó pọ̀, tó gbé e síbi tí kò lọ́rinrin, tí kòkòrò ò sì ráyè dé, ó máa jèrè ẹ̀ nígbà òjò. Mú ₦150,000 níbẹ̀, kí ìwọ àti ìyá ẹ jọ lọ ra á. Sọ fún wọn pé owó ọjà ni, ẹ ó jọ máa ṣírò ẹ̀. Ìyẹn ò ní jẹ́ kí ojú tì wọ́n.

Ọmọ Agbówó:
Gba iṣẹ́ jàre, ra fóònù tó dáa. Ìwé ò sá lọ 😂

Ìyá Aláṣọ Gbági:
Ìwọ yìí, lọ wá nǹkan ṣe.

Tíṣà Ìjókòdó:
Àbúrò, ẹ̀gbọ́n ẹ ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Lóòótọ́, GL 07 (GL ni ìpele òṣìṣẹ́ ìjọba) ni ẹni tó ní HND ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní GL 08, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n ti ń dá àwọn HND dúró ní GL 14. Èyí tí kò sọ ni pé ọdún 5 ni wọ́n ń ṣe ẹnjiníà ní yunifásítì. Direct Entry á gbé ẹ sí 200 level, ìyẹn ọdún kejì, ó ku ọdún 4 gbáko, bí wọn ò bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 2 ni HND. Ṣé iṣẹ́ ìjọba gan-an lo fẹ́ ṣe? N ò rí i nínú gbogbo ohun tó o kọ. COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà, náà ń forúkọ àwọn tó ní HND sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí technologist, kì í ṣe pé o di ẹni tí kò níwèé.

Ti owó ilé-ìwé, bí ilé-ìwé ìjọba bá ni, wo ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, ọdún 2 lẹ́yìn tó o bá ti sin ilẹ̀ bàbá ẹ tán ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ. Má sún mọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù o. Bó o bá pẹ́ san án, àwọn èèyàn tó o mọ̀ ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ẹ ránṣẹ́ sí.

Ọ̀gá Sólà Mọ́kọ́lá:
Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo wà. N ò ní HND, mo sì ń jẹun, n ò ní purọ́ fún ẹ. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023 ni jẹnẹrétọ̀ ti sú àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n tún gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, sí ₦225 fún yúnìtì kan lóṣù Kẹrin 2024, àwọn tó lówó pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí wá wa. Iṣẹ́ wà.

Àmọ́ ₦80,000 yẹn, wò ó dáadáa. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀, ẹni tó lè ṣírò bátìrì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń gbé àkàbà. Bèèrè ìpín lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó o sì bi ọ̀gá ẹ pé, bí o bá jábọ́ látorí òrùlé, ta ló máa gbé ẹ lọ sílé ìwòsàn? Ọmọ iṣẹ́ mi kan jábọ́ rí. Apá ló dá, a dúpẹ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá ní Sátidé àti nígbà ọlidé, kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ fún mi. Ọ̀gá tó bá nílò ẹ lóòótọ́ á gbà.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé:
Ẹ ṣé gan-an ni sà, ẹ ṣé mà. Ẹnì kan ní kí n kúkú ṣe HND náà ní part-time, kí n lè máa ṣiṣẹ́ lọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

Tíṣà Ìjókòdó:
Mọ èyí kó o tó ṣe é: NYSC, àjọ àwọn àgùnbánirọ̀, kì í gba àwọn tó ṣe part-time. Ìwé pé wọ́n yọ ẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa fún ẹ. ₦77,000 lóṣù ni owó àgùnbánirọ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí ìsìnlú. Bó o bá ṣe full-time, wàá parí ní nǹkan bí ọmọ ọdún 25, àyè ṣì wà dáadáa kó o tó kọjá 30 tí NYSC fi gbèdéke sí. Ti ọ̀gá Mọ́kọ́lá yẹn ló wù mí jù.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó:
Ẹ jẹ́ kí n bèèrè nǹkan kan. ₦620,000 yìí, ṣé ó ti wà ní báńkì ni? Èmi o, n kì í ka owó tó wà lọ́dọ̀ alájọ mọ́ owó.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé:
₦300,000 ló wà ní báńkì mà. Ìyókù ṣì wà lọ́dọ̀ alájọ. Wọ́n ní kí n ní sùúrù di ìparí oṣù.

Ìyá Aláṣọ Gbági:
Haà! Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran o. Àwa ti ń pín owó tí a ò tíì rí. Ìgbà wo lo fẹ́ san owó acceptance?

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé:
Ó ku ọ̀sẹ̀ kan mà.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó:
San ìyẹn látinú èyí tó wà ní báńkì, lónìí. Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ àti ọ̀rọ̀ ọ̀gá lè dúró di ìgbà tí ìyókù bá wọlé.

Ìyá Aláṣọ Gbági:
Kó o tètè jí lọ bá alájọ náà lọ́la kó tó jáde nílé. Mú káàdì ẹ dání, kó o ti ka gbogbo àmì tó wà nínú ẹ̀ kó o tó débẹ̀. Owó ọjọ́ kan péré ni tiẹ̀ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kó yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mú ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin yẹn dání, kó lọ wúlò.