Owó wà, pẹ́ẹ̀nì oníńkì wo la lè rà fún adájọ́ tó ń fọwọ́ kọ̀wé látàárọ̀ dalẹ́?

ỌmọAdájọ́:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dádì mi máa pé 60 lóṣù December, àwa ọmọ ti dáwó jọ, £800 ló wà nílẹ̀, fáńtéènì pẹ́ẹ̀nì kan ṣoṣo la fẹ́ fi rà fún wọn, ojúlówó tí wọ́n á lò pẹ́. Adájọ́ High Court ni wọ́n n'Ìbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ kóòtù rí á mọ̀ pé ọ̀pọ̀ adájọ́ wa ṣì ń fọwọ́ ara wọn kọ ohun tí lọ́yà àti ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀, bírò ni dádì sì ń lò látọjọ́ yìí, ìka àárín wọn ti yi níbi tí bírò máa ń gbé lé, tí wọ́n bá délé lálẹ́ ẹ máa rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fa ìka ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló ń dùn mí tí mo fi ní ká má ra aago.

Àbúrò mi ní Montblanc ni ká rà, torí ìràwọ̀ funfun orí ẹ̀ yẹn, gbogbo lọ́yà ló mọ̀ ọ́n. Mi ò bá a jà, àmọ́ ìka dádì lèmi ń rò. Ìkọ̀wé wọn kéré, ó há mọ́ra, pépà ìwé kóòtù yẹn ò sì nípọn rárá. Manchester ni mo wà, èmi ni màá gbé e wálé fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ máa rà tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

AláGègé:
Sista mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí dádì jèrè yín pẹ́. Ohun tó ń dá ìka wọn lóró ni pé bírò ò ní kọ àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Pẹ́ẹ̀nì oníńkì ò fẹ́ títẹ̀, ìwúwo ara ẹ̀ ti tó, bí ẹnu ẹ̀ bá ṣe ń kan pépà báyìí ni íńkì ń ṣàn bọ̀. Torí náà ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn kẹ́ ẹ tó wo ara ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 14k, 18k, 21k, ìyẹn bí góòlù inú ẹnu ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, dà yín lórí rú o. Góòlù dáa, íńkì kì í jẹ ẹ́, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣóńṣó tó ń kan pépà gan-an kì í ṣe góòlù, irin míì tó le gan-an ni wọ́n jó mọ́ ọn, bí wọ́n bá ṣe gbo ìyẹn tó ló máa sọ bó ṣe máa yọ̀ tó lórí pépà. Àti pé Fine, ìyẹn ẹnu tó ń kọ tín-ín-rín, ti àwọn ará Japan tín-ín-rín ju Fine àwọn ará Jámánì lọ. Ìkọ̀wé kékeré lórí pépà fẹ́lẹ́, Fine ti Japan ni o.

Tèmi ni Pilot Custom 823, ti Japan ni. Ẹnu ẹ̀ tóbi, góòlù 14k ni, bó ṣe ń mu íńkì ló sì wù mí jù: ẹ máa fa ọ̀pá kan jáde láti ìdí ẹ̀, ẹ ti ẹnu ẹ̀ bọ inú ìgò íńkì, ẹ wá ti ọ̀pá yẹn padà wọlé, bó bá ṣe kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ báyìí ni íńkì á rọ́ wọ inú ẹ̀ fùú, lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá wé ìdí ẹ̀ pa, íńkì ò ní lè kọjá sẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ọkàn èèyàn fi ń balẹ̀ tó bá gbé e wọ bàálù. Àmọ́ ẹ sọ fún dádì, tí wọ́n bá fẹ́ kọ púpọ̀ kí wọ́n tú ìdí yẹn díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ íńkì á dá nígbà tí ẹlẹ́rìí ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá:
Mo bá ẹ̀gbọ́n gbà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, mi ò gbà lórí 823. Ẹ wo bí adájọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Lọ́yà sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ọ́, lọ́yà kejì fò dìde pé òun ò fara mọ́ ọn, wọ́n dúró, wọ́n tún kọ. Ọmọrí 823 wíwé ni, ìgbà mélòó ni wọ́n fẹ́ wé e, tí wọ́n bá sì ṣí i sílẹ̀ lábẹ́ fáànù, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹnu ẹ̀ á gbẹ. Lamy 2000 ti Jámánì ni kẹ́ ẹ lọ wò. 1966 ló jáde, Gerd A. Müller ló ya bó ṣe máa rí, wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Ẹ kàn fa ọmọrí ẹ̀ yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ó parí. Ẹnu ẹ̀ fara pamọ́, góòlù 14k lòun náà. Ara ẹ̀ dúdú, kò dán yinrin, ó bá aṣọ kóòtù mu. Ohun kan ni pé ó fẹ́ kéèyàn mú un dọ́gba, tó bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa ha pépà, torí náà ibi tí wọ́n á ti gbà kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Tí ọmọrí wíwé ò bá sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, Platinum 3776 Century ń bẹ, gíga òkè Fuji ní mítà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìdérí kan wà nínú ọmọrí ẹ̀ tó ń dì í pa, íńkì ẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Bọ̀dáMáyọ̀:
Ẹ má tíì lé Montblanc jáde o. Èyí tí wọ́n ń pè ní 149 lára wọn ti wà láti 1952, ara ẹ̀ sì sanra, ìka ò ní máa fún un pinpin, fún ẹni tí ìka ń dùn nǹkan ńlá nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tuntun ẹ̀ lè kọjá £800, ayédèrú ẹ̀ sì kún ìgboro, ṣọ́ọ̀bù tí iléeṣẹ́ fúnra wọn fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ ti rà á. Pelikan M800 náà sanra, owó yín á ká a, ẹnu ẹ̀ ṣeé tú kúrò kẹ́ ẹ fi òmíì sí i. Idẹ wà nínú ìdí ẹ̀ tó ń jẹ́ kó wúwo díẹ̀ sẹ́yìn, ẹlòmíì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Extra Fine, tó tín-ín-rín ju Fine lọ, ni kẹ́ ẹ mú tó bá jẹ́ ti Jámánì bíi méjèèjì yìí.

Ìyá_Alátàdáwà:
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ íńkì! Ìwé kóòtù lèyí o, omi lè dà sí i, wọ́n lè gbé e lọ sí Appeal lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ọ̀pọ̀ íńkì aláràbarà wọ̀nyẹn, omi kán sí i báyìí, ó ti lọ. Ẹ wá Diamine Registrar's, àwọn Liverpool ló ń ṣe é, ẹ̀yin náà ò jìnnà síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ á dà bíi búlúù, atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á máa dúdú lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn káàkiri lórí pépà burúkú. Ṣùgbọ́n ó ní ásíìdì nínú, ẹnu góòlù ló bá a mu jù, kí dádì sì máa fi omi tútù lásán fọ pẹ́ẹ̀nì náà déédéé, kí wọ́n má jẹ́ kó gbẹ sínú ẹ̀.

ỌmọAdájọ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ní kí àbúrò mi fi pépà ìwé kóòtù mélòó kan tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí ránṣẹ́ sí mi, orí ẹ̀ ni màá ti dán wọn wò ní ṣọ́ọ̀bù. Lamy àti 823 ló ń fà mí báyìí. Tó bá jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì owó yẹn ṣẹ́ kù ńkọ́, ṣé ká wá fi góòlù sára ẹ̀?

AláGègé:
Rárá o. Ẹ ra méjèèjì. Ẹ fi Lamy sí kóòtù, ẹ fi 823 sílé fún ìdájọ́ tí wọ́n máa ń jókòó kọ lálẹ́, ibẹ̀ ò sí ẹni tó ń kán wọn lójú. Kẹ́ ẹ sì ra ìgò íńkì ìyá yẹn méjì, ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o sínú báàgì.