Ṣé “agbára” nìkan la ó máa pe gbogbo ẹ̀? Ipá, okun àti físíìsì JAMB

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Bàbá wa kan níbí sọ lọ́jọ́ Àìkú pé ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé “agbára” ti tó fún force, energy àti power, pé Yorùbá máa ń mọ èyí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ni mò ń kọ́ ní físíìsì ní Ìkòròdú níbí, ẹ̀yìn Sábó, mo sì ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń fojú wọn rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi wọ́n pé: ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ní mítà 4, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 10 ṣe é. Ẹnì kejì gbé irú ẹ̀ kan náà, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 20 torí ó dúró mí lórí àtẹ̀gùn. Mo ní ta ló lo agbára jù? Yorùbá ni mo fi bi wọ́n kó lè tètè yé wọn. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ní ẹni àkọ́kọ́ ni, ṣebí òun ló yára. Ọmọkùnrin kan ní rárá o, wọn ò ju ara wọn lọ, kẹ́ẹ̀gì kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Wọ́n fà á títí. Ẹ̀yin ará, àwọn méjèèjì ló gbà á! Ìbéèrè mi ni ò dáa.

Ẹ wò ó, ká má tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀ o, omi lítà 25 jẹ́ kílò 25, tí a bá fi 10 ṣe g, ìyẹn iye newton tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ń fà á ní 250 newton. Force nìyẹn. 250 lọ́nà 4 jẹ́ 1,000 joule, energy nìyẹn, iye kan náà ni àwọn méjèèjì fún kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ìṣẹ́jú àáyá kálukú pín in, ẹni àkọ́kọ́ ṣe é ní 100 watt, ẹnì kejì ní 50, power nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta tí kálukú ní òṣùwọ̀n tiẹ̀, a wá kó gbogbo ẹ̀ sínú “agbára”, a ń retí kí ọmọ má ṣì wọ́n mú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí force jẹ́ ipá, kí energy jẹ́ okun, kí power jẹ́ agbára. A ò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ níbẹ̀, inú ilé la ti mú wọn. Wọ́n fipá mú un, wọ́n fipá ṣílẹ̀kùn: ẹni tó ń fipá ṣe nǹkan, tàbí kó máa tì í tàbí kó máa fà á, títì àti fífà náà sì ni force. Okun ló wá wù mí jù. Okun inú la fi ń gbé tìta. Ẹ tún un kà. Nǹkan kan wà ní ìpamọ́ nínú wa, òun la ń ná sórí ẹrù tó wà níta, kí ló tún kù tí tíṣà fẹ́ sọ? Tí ebi bá pa èèyàn, a ní okun ti tán nínú ẹ̀. Okun ṣeé ní, ó ṣeé ná, ó ń dín kù. Ẹni tó ní ká pè é ní “agbára ìpamọ́”, kí la ó wá pe ti mọ́tò tó ń sáré lọ? Pẹ̀lú okun ó rọrùn: okun ìpamọ́, okun eré, okun ooru.

Àbúrò wa kan sọ ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn, ó ní okun, òkun, okùn, tí kò bá sí àmì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fi àmì sí nǹkan lórí WhatsApp, okùn sì pọ̀ nínú ìbéèrè físíìsì bí nǹkan míì. Òótọ́ ni. Mo kọ “okun” sójú pátákó láìsí àmì, okùn tí wọ́n fi ń so nǹkan ni àwọn tó pọ̀ jù kà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó, ohun tó wà nínú okùn tí wọ́n fà le, ipá ni, kì í ṣe okun, nítorí náà wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ forí gbárí. Èyí tó bá kù, ká fi àmì sí i. Ọmọ tó lè fi ọfà sórí lẹ́tà láti fi hàn pé vector ni, ìyẹn ohun tó ní ibi tó kọjú sí, ó lè fi àmì sórí ù.

Agbára fún power ni mi ò tíì fọwọ́ sọ̀yà lé lórí tán, torí tọba tìjòyè ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n Ẹgbin, ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná lọ́dọ̀ wa níbí, ràn mí lọ́wọ́. 1,320 megawatt tí wọ́n kọ́ ọ láti máa mú jáde, ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 220, agbára nìyẹn. Yúníìtì tí à ń rà sórí mítà, kilowatt-hour ni, 3,600,000 joule nínú ẹyọ kan, okun nìyẹn. Tí gáàsì ò bá dé, agbára 1,320 ṣì wà lórí ìwé, okun ò jáde. Nígbà tí mo ṣe é báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ wíńdò yẹn ló kọ́kọ́ pariwo pé ó ti yé òun.

Ẹni tó ní Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB, kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe, kó rántí pé ìbéèrè 180 ni àwọn ọmọ ń dáhùn ní wákàtí méjì, 40 nínú ẹ̀ ni físíìsì. Kò sáyè ìtumọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jókòó sínú ọmọ kó tó kúrò nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, fífi Yorùbá kọ́ni, ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 pẹ̀lú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ jù fún tàwọn tó ń wọ yunifásítì.

Iṣẹ́ ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn òyìnbó náà ò wá ọ̀rọ̀ míì fún work. Momentum, ìyẹn ìwọ̀n nǹkan lọ́nà eré tó ń sá, ló ń dà mí láàmú. Mo bi awakọ̀ tírélà kan ní gáréèjì pé kí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tó kún tètè dúró, ó ní “ẹrù ló ń tì í”. Ó dùn létí mi, ṣùgbọ́n títì ti di ipá. Ta ló ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ?