Bí mo ṣe gbé wíńdò fídíò sí igun kan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan béèrè níbí bí òun ṣe lè mú kí wíńdò fídíò dúró síbi tí òun fẹ́, kó má máa yọ síbi tó wù ú. Ó ti dààmú èmi náà rí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Aké níbí ni pé àwọn àgbà Ẹ̀gbá á máa sọ ìtàn nínú fídíò, èmi á sì máa tẹ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Gbogbo fídíò tí mo bá ṣí, àárín gbùngbùn ló ń yọ sí, á bo ìwé mi mọ́lẹ̀. Máa fi máósì wọ́ ọ, máa sún un kéré, títí ọwọ́ á fi ro èèyàn.

Mpv, ètò tí ń gbé fídíò jáde, ni mo ń lò. Tẹ́míná, ìyẹn wíńdò tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń ṣí i báyìí:

mpv --geometry=30%-20-20 --ontop --no-border itan.mp4

30% yẹn ni ìbú wíńdò sí ìbú ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ má wulẹ̀ kọ gíga, mpv á ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú àgbà ò sì ní fẹ̀ bí àtẹ. -20-20 ní kó fi píksẹ́lì 20 sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti nísàlẹ̀. +20+20 á gbé e lọ sókè lápá òsì. --ontop ni kì í jẹ́ kí ìwé bò ó, --no-border ló ń yọ etí wíńdò kúrò. Ìdá ọgọ́rùn-ún yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju iye píksẹ́lì lọ, torí móńítọ̀ ilé mi tóbi ju ti láàpútọ́ọ̀pù lọ.

Bí ẹ ò bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ní dáàṣì méjì níwájú yẹn sínú fáìlì ~/.config/mpv/mpv.conf, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí ẹ yọ dáàṣì méjì iwájú kúrò.

*

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Lọ́dọ̀ tèmi, ó gbọ́ ti ìwọ̀n, kò gbọ́ ti ibùdó rárá! Wayland ló fà á. Òun àti X11 ni ọ̀nà méjì tí Linux ń gbà fi wíńdò hàn lójú kọ̀ǹpútà. X11 máa ń gbà kí ètò yan ibi tí wíńdò rẹ̀ máa wà. Wayland kò fún un láṣẹ yẹn. Mo fi --gpu-context=x11egl kún un, mpv gba ọ̀nà X11, ó sì lọ sí igun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

*

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àǹtí mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wọ́n fẹ́ kí oníbàárà máa wo bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ sínú aró, kí àwọn sì máa fi kọ̀ǹpútà kan náà ṣe ìṣirò owó. Mo so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn:

mpv --fs --fs-screen=1 --loop-file=inf --no-audio adire.mp4

--fs ní kí fídíò kún gbogbo ojú, --loop-file=inf ní kó máa tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró. Láti òdo ni mpv ti ń ka àwọn ojú tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí náà 1 ni ìkejì, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n. Ariwo Ìtòkú ti tó, mo pa ohùn rẹ̀. Mo tún fi àṣẹ yẹn sí ara ohun tí ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, kí àǹtí má baà máa pè mí ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó tún dé.