"Àkópọ̀ ọnà" kọ́, "àsopọ̀ ọnà" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè. Wọ́n ti dábàá "àkópọ̀ ọnà" fún Gesamtkunstwerk, ọ̀rọ̀ tí Richard Wagner, olórin ará Jámánì, lò lọ́dún 1849 fún eré tí orin, ewì, ijó àti àwòrán ti di ọ̀kan ṣoṣo. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí a kó pọ̀ dà bí ẹrù ọjà: ata wà lọ́tọ̀, ẹ̀wà wà lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àsopọ̀, torí ohun tí a bá so ló ṣeé tú.

Títú yẹn gan-an ni mo ń bọ̀ sí. Oṣù kẹta ọdún 1945, tí ogun Hitler ń parí lọ, ni wọ́n bí ayàwòrán Anselm Kiefer. Hitler sì rèé, kò sí olórin tó gbé gẹ̀gẹ̀ bíi Wagner. Lọ́dún 1973 Kiefer ya àwòrán kan tó pè ní Nothung, orúkọ idà kan nínú eré Wagner: yàrá òkè àjà, pákó látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni níbẹ̀, idà ẹlẹ́jẹ̀ kan dúró gbọnrangandan nínú pákó ilẹ̀. Ó kọ gbólóhùn orin Siegmund, akọni tó ni idà náà, sí i: "Ein Schwert verhieß mir der Vater", ìyẹn ni pé bàbá mi ṣèlérí idà fún mi. Nínú eré Wagner, ara igi ni Siegmund ti fa idà yìí yọ, tí orin ń ru gùdù lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dọ̀ Kiefer, akọni ti lọ, orin ti dákẹ́. Ó tú ohun tí Wagner so, ó mú idà àti gbólóhùn kan níbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ wo bí "àkópọ̀" yóò ṣe sọ ìyẹn!

Ẹnì kan ní Ọba Kò So ti Duro Ladipo, tí wọ́n ṣe ní Berlin lọ́dún 1964, ti kúkú jẹ́ Gesamtkunstwerk. Ó jọ ọ́ o. Àmọ́ ní Bayreuth, níbi tí Wagner kọ́ ilé eré rẹ̀ sí, abẹ́ pèpéle ni Wagner fi àwọn onílù àti afunfèrè pamọ́ sí. Ta ló jẹ́ fi onílù pamọ́ fún Ṣàngó?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a ń wá Yorùbá fún: Wille, ipá tí Schopenhauer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì tí Wagner ka ìwé rẹ̀ lọ́dún 1854, ní ó wà nídìí ohun gbogbo. "Ìfẹ́" ò lè gbé e. Ẹni tó ń fẹ́ mọ ohun tó ń fẹ́. Wille fọ́jú, títì ló ń tì wá. "Ìpòùngbẹ" sàn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òùngbẹ ṣì mọ omi.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju "àsopọ̀" lọ, kó fi ṣàlàyé Nothung fún wa.