Ẹ jọ̀ọ́, laptop Framework tó ṣe é tú yìí, ṣé ó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ìyá Ìbejì Under G:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Under G, project àwọn ọmọ LAUTECH ni mò ń tẹ̀, àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń wà nídìí kọ̀ǹpútà. Laptop tí mò ń lò, ojú tó ń gba ṣájà ti yẹ̀, wọ́n jó o, ó tún yẹ̀, wọ́n tún jó o, ní báyìí bébà ni mo fi ń há a kó tó lè gba iná. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester wá ní òun rí Framework 13 àlòkù kan, pé òun á rà á fún mi, pé kò síbi tí èèyàn ò lè tú lára ẹ̀ kó pààrọ̀ ẹ̀. Mo wò ó lórí YouTube, ó wù mí gan-an ni. Àmọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lára ẹ̀, ta ló ní pátì ẹ̀ níbí? Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀ o.

Ọmọ Takie:
Ìyá Ìbejì, ẹ má da ara yín láàmú rárá. ThinkPad T480 tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan wà lẹ́yìn tí ẹ lè yọ nígbà tó bá wù yín, RAM ẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ṣe é fi kún, pátì ẹ̀ sì kún Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ kàn máa pè wọ́n ni, wọ́n á fi sọ́kọ̀ wá fún yín. Tí síkíríìnì Framework yẹn bá fọ́ ńkọ́, ọwọ́ ta lẹ máa ti rà á?

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o Ìyá Ìbejì. Èmi ń lò ó láti 2022, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló bá mi gbé e wá láti London, òun náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọ̀rọ̀ ojú ṣájà tí ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ọmọ mi kékeré sáré kọjá, ó fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, orí ṣájà tẹ̀ sínú laptop. Ká ní laptop tí mo lò tẹ́lẹ̀ ni, ó di ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa jó o nìyẹn. Èyí, mo pa á, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì kékeré kan lábẹ́, mo fa káàdì USB-C tó tẹ̀ yẹn jáde, kò ju páálí ìṣáná lọ, mo ti òmíràn bọ ibẹ̀, ó dún káá, iná wọlé. Àyè mẹ́rin irú ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, méjì lọ́tùn-ún méjì lósì, káàdì USB-C sì lè gba ṣájà nínú èyíkéyìí. Ẹni tó ń tẹ̀wé fún èèyàn lè fi HDMI tí wọ́n fi ń so mọ́nítọ̀ sí ọ̀kan, kó fi USB ńlá tí flash ń wọ̀ sí òmíràn, bó bá ṣe fẹ́ ni. Pé káàdì yẹn ló ń fara gba ìyà dípò bọ́ọ̀dù (pátákó inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́), èmi ò tíì rí ohun tó dáa tó o lára laptop kankan.

Bátìrì náà, 55Wh ló bá tèmi wá (Wh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), nígbà tó gbó, 61Wh tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo fi rọ́pò ẹ̀, ara kan náà ló wọ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni ẹ máa tú lábẹ́, wọn kì í tiẹ̀ já bọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dúró sí, screwdriver ẹ̀ sì wà nínú páálí. Wáyà pẹlẹbẹ kan ló so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ rọra ṣí i o, ẹ má fà á tipátipá.

Ilé-iṣẹ́ yẹn, Nirav Patel ló dá a sílẹ̀ ní San Francisco ní 2020, laptop àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2021, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel 11th gen, ìyẹn ìran kọkànlá, ló wà nínú ẹ̀. Látìgbà yẹn, bọ́ọ̀dù 12th gen, 13th gen, títí kan Ryzen 7040 ti 2023 láti ọ̀dọ̀ AMD, ilé-iṣẹ́ CPU mìíràn, inú ara kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Tèmi kúrò ní 12th gen bọ́ sí AMD. Ohun tí àwọn èèyàn kì í ṣírò mọ́ ọn ni RAM, torí irú RAM tó ń jẹ́ DDR4 ni ti àtijọ́, DDR5 ni AMD ń lò, owó mìíràn nìyẹn. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn, mi ò sọ ọ́ nù, Cooler Master ṣe páálí kan fún un, mo kó o sínú ẹ̀, mo so ó mọ́ mọ́nítọ̀, ó di kọ̀ǹpútà táwọn ọmọ fi ń kàwé.

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Takie náà ṣá o. Nígbà tí tíì dà sí kíbọ́ọ̀dù mi, mo ń fi kíbọ́ọ̀dù USB ṣiṣẹ́ títí ẹnì kan fi ń bọ̀ nílé fún Iléyá kí ó tó bá mi gbé tuntun wá. Ẹni tí kò bá ní èèyàn lókè òkun, á jìyà ẹ̀.

Ẹnjiníà Sábó:
Mo ti tú u rí fún oníbàárà kan. Gbogbo pátì inú ẹ̀ ló ní àkọlé, QR code wà lára wọn, tí ẹ bá fi fóònù yà á ó máa gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀. Inú mi dùn sí i, torí eruku ọyẹ́ ló ń dí fáànù laptop pa níbí, èyí ò sì nira láti ṣí kéèyàn nu fáànù ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ohun tí mo bẹ̀rù fún yín ni iná. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n jó CPU mọ́, tí iná tó ga lójijì bá ba bọ́ọ̀dù jẹ́, odindi bọ́ọ̀dù lẹ máa rà, òun ló sì wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi ṣájà ẹ̀ sí iná tààrà, ẹ lo stabilizer.

T480 dáa, èmi náà ń tà á. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ yẹ CPU ẹ̀ wò dáadáa, torí àwọn kan wà tó jẹ́ 7th gen, Windows 11 ò sì gba ìyẹn, láti 8th gen ló ti bẹ̀rẹ̀. Àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 náà ti dópin ní October 14, 2025.

Ìyá Ìbejì Under G:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò mi ní 11th gen lèyí tóun rí yẹn, pé owó ẹ̀ rọjú. Ṣé kó rà á?

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Lójú tèmi, kó wá 12th gen. Bátìrì kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù 11th gen, ML1220 lorúkọ ẹ̀, òun ló ń bá a rántí aago. Tí laptop yẹn bá wà láìgba iná fún ìgbà pípẹ́, bátìrì kékeré yẹn á kú fin-ínfin-ín, laptop ò sì ní tàn mọ́ títí ẹ ó fi tún fi sí ṣájà fún wákàtí púpọ̀. Ní ìlú tí iná ti ń dúró wọn ò mọ̀ ọ́n lára. Níbí, tí ẹ bá tọ́jú ẹ̀ pamọ́ lásìkò ìsinmi táwọn ọmọ LAUTECH lọlé, ó lè dà yín láàmú.

Àlàájà Owódé:
Ẹ sọ fún àbúrò yín o, tó bá máa ra bátìrì kún un, ẹni tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ kó o sínú báàgì tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ ni kó gbé e sí wọlé. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ ni wọ́n ń gbà bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, 61Wh ò sì tó o.

Ìyá Ìbejì Under G:
Ọlọ́run á bùkún gbogbo yín. Mo ti pè é, 12th gen ló ń wá báyìí, mo ní kó fi kíbọ́ọ̀dù kan àti káàdì USB-C méjì kún un, tówó bá kù kó ra bátìrì. Oṣù December lẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀. Ẹnjiníà, stabilizer wo ni kí n rà?

Ẹnjiníà Sábó:
Ẹ má tíì rà á. Ẹ yà lọ́dọ̀ mi ní Sábó, kí ẹ mú extension tí ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù dání, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó.