Ẹjọ́ ínṣọ́ránsì kò tíì parí: ṣé kó ṣì lọ síléèwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ gbá àbúrò mi, ọmọ ọdún 19. Ẹjọ́ wà ní kóòtù pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Yunifásítì kan ní ìlú mìíràn ti gbà á. Ṣé kó lọ, àbí kó dúró de owó náà?

Èsì 1: Kó lọ. Àmọ́ kó kọ́kọ́ fún lọ́yà ní àdírẹ́sì tuntun, torí bí kóòtù bá pè é tí kò yọjú, wọ́n lè da ẹjọ́ náà nù. Kó béèrè ọjọ́ tí dókítà ilé-iṣẹ́ náà máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó má bàa bọ́ sí àsìkò ìdánwò. Ìtọ́jú ló ṣe kókó jù: kó gba ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ ní ọsibítù, kó sì ti wá dókítà ní ìlú tuntun náà kó tó ṣí lọ. Bí oṣù méjì bá kọjá láìsí ìtọ́jú, lọ́yà ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì lè sọ pé ara rẹ̀ ti yá.

Èsì 2: Kó má fi owó tí kò tíì dé ṣètò owó ilé-ìwé o! Lọ́yà á yọ tirẹ̀, ọsibítù tó bá ṣì ń jẹ ní gbèsè náà lè yọ tiẹ̀. Bó bá sì fọwọ́ sí i pé òun ti gba owó tán, tí ẹ̀yìn tún wá ń dùn ún, kò lè béèrè owó mìíràn mọ́ nìyẹn.

Èsì 3: Àwòrán ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí Facebook lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kó má sì pa ti àtijọ́ rẹ́: wọ́n á ní ó ń fi ẹ̀rí pamọ́.

Olùbéèrè: Tó bá sún ilé-ìwé síwájú ńkọ́?

Èsì 1: Kó kọ̀wé sí wọn, kó tọ́jú èsì wọn. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ìpalára náà ló fà á, lọ́yà lè fi kún ohun tó ń béèrè.